Má ta ọkọ̀ pickup rẹ: èsì fún àbúrò tó fẹ́ fi rodeo sílẹ̀ fún orin country

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní Houston ni wọ́n bí ọ sí, pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá àti ìyá rẹ, pé o ti ń gun akọ màlúù ní rodeo, ìyẹn ìdíje gígun ẹṣin àti akọ màlúù tó ń ta pọ́n-ún, láti ilé ẹ̀kọ́ girama. Èjìká rẹ ti yẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, dókítà sì ní ó tó gẹ́ẹ́. O mọ gìtá ta, o ní àwọn orin tí o fọwọ́ ara rẹ kọ. Ní báyìí o fẹ́ mọ̀ bóyá kí o ta ọkọ̀ pickup rẹ kí o sì kó lọ sí Nashville, ìlú tí àwọn iléeṣẹ́ orin country wà, àti bóyá bẹ́líìtì ẹ̀bùn tí o gbà ní rodeo máa ṣílẹ̀kùn fún ọ níbẹ̀.

Má ta ọkọ̀ yẹn. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ fi ìyókù ọ̀rọ̀ mi ṣàlàyé.

Kí o lè mọ ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀: Ìbàdàn ni mo ti kọ́ gìtá, nínú ẹgbẹ́ jùjú kan tó ń ṣeré níbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Nílé wa, Jim Reeves àti Don Williams ni bàbá mi máa ń gbọ́ lọ́jọ́ Sunday, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé nígbà yẹn. Nígbà tí mo dé Texas, tí ọkùnrin kan tó ti ń gun ẹṣin ní rodeo tẹ́lẹ̀ ń wá ẹni tí yóò máa ta gìtá bass fún òun, orin náà kò ṣàjèjì sí mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bá a rìn. Èmi ni mo ń ta bass, èmi ni mo ń wa ọkọ̀ lóru, èmi ni mo ń ta síídì lẹ́yìn eré, nígbà tó sì yá, ìwé owó ẹgbẹ́ náà bọ́ sí mi lọ́wọ́. Inú ìwé owó yẹn gan-an ni mo ti rí púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí.

Àwọn èèyàn rò pé fìlà, bàtà àti ìtàn egungun tó ṣẹ́ ni rodeo ń fún olórin. Nashville kún fún àwọn tó dé fìlà yẹn tí wọn kò sún mọ́ màlúù rí láyé wọn. Ohun tí ìwọ ní tí wọn kò ní ni ojú ọ̀nà, àti àwọn èèyàn tó wà lójú ọ̀nà yẹn tí wọ́n mọ̀ ọ́. O ṣáà mọ bó ṣe rí. Ẹni tó fẹ́ gùn ló ń sanwó kó tó gùn, òun ló ń ra epo, òun ló ń wá ibi tí yóò sùn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀. Bí o bá já bọ́ ní ìkeje, òfo ni. Bí o bá sì gùn ún pé, nínú máàkì 100, ìdajì jẹ́ tìẹ, ìdajì jẹ́ ti ẹranko. Kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún ọ. Ẹni tó ti gbé irú ayé bẹ́ẹ̀, tó ti wakọ̀ gba òru já nítorí owó tí kò dájú, tó tún dìde lọ sí ìlú mìíràn lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn ún, ohun tó máa ń lé ọ̀pọ̀ olórin padà sílé kò ní lè lé e.

Wo Chris LeDoux, agẹṣin rodeo tó di olórin country. Mo mọ̀ pé wàá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o wo bó ṣe tò ó, nítorí orúkọ yẹn ni gbogbo èèyàn ń dá, tí wọn kì í wo iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Biloxi ní Mississippi ni wọ́n bí i sí ní 1948. Ọmọ ogun òfúrufú ni bàbá rẹ̀, ìdílé wọn sì ń ṣí kiri, wọ́n gbé Texas, wọ́n gbé Cheyenne ní Wyoming. Gígun ẹṣin láìsí gàárì ló yàn. Ó gba ipò kìíní láàárín àwọn ọmọ yunifásítì Amẹ́ríkà ní 1969, ó sì di ọ̀gá gbogbo àgbáyé nínú ìdíje náà ní 1976. Ṣùgbọ́n kò dúró de 1976 kó tó kọrin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ló ti ń kọ orin nípa ohun tó ń fojú rí láàárín àwọn agẹṣin, tó ń gbà á sílẹ̀, tó sì ń ta á fún àwọn èèyàn níbi rodeo, látinú ọkọ̀ tó fi ń rìnrìn àjò. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ló bá a dá iléeṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Mount Juliet, ìtòsí Nashville. American Cowboy Songs ni wọ́n pè é. Nígbà tó fi máa di 1989, àwo orin 22 ló ti gbé jáde lọ́nà bẹ́ẹ̀, láìsí iléeṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Dúró lórí 22 yẹn díẹ̀. Ọdún tí Garth Brooks, gbajúgbajà olórin country, dárúkọ rẹ̀ nínú orin tó fi kọ́kọ́ jáde, ìyẹn 1989, ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn LeDoux, bí ẹni pé Garth ló dá a. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀ àwọn agẹṣin láti Wyoming dé Oklahoma, ó ti gbó nínú ẹ̀rọ wọn. Ìdí nìyẹn tí dídárúkọ rẹ̀ fi ní ìtumọ̀ fún ẹni tó gbọ́ ọ. Nígbà tí Capitol, iléeṣẹ́ orin ńlá, wá bá a tọwọ́ bọ̀wé, kì í ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn pẹ̀lú gìtá lẹ́sẹ̀ ni wọ́n bá pàdé. Ẹni tó ní àwo 22 ti ara rẹ̀, tó sì ní àwọn tó ń rà wọ́n ni. Wọ́n tún àwọn àwo àtijọ́ yẹn gbé jáde fún gbogbo ayé. Ní 1992, orin tí òun àti Garth jọ kọ wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí àtẹ orin country ní Amẹ́ríkà, àwo tí orin náà wà nínú rẹ̀ sì gba àmì wúrà tí wọ́n ń fún àwo tó tà púpọ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà. Àṣírí ìlọsíwájú rẹ̀, bó ṣe yé mi sí, ni pé àwọn tó rí i tó gun ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ di àwọn tó ń ra orin rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń tà á fún wọn.

O lè sọ pé Reba McEntire, gbajúgbajà obìnrin olórin country, ńkọ́, ṣebí ibi rodeo ni wọ́n ti rí i. Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀, Clark, gba ipò ọ̀gá àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹta nínú fífi okùn mú màlúù, Reba náà sì ń sá ìdíje ẹṣin. Ní 1974, ó kọ orin orílẹ̀-èdè wọn níbi àṣekágbá rodeo ní Oklahoma City, Red Steagall, olórin country kan, gbọ́ ọ, ní ọdún tó tẹ̀ lé e ó ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú iléeṣẹ́ orin Mercury. Ìtàn tó dùn mọ́ni nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ 1983 ni orin rẹ̀ tó kọ́kọ́ gba ipò kìíní tó dé ibẹ̀. Ibi rodeo ni wọ́n ti rí i lóòótọ́, ohùn rẹ̀ ni wọ́n rà, ó sì tún fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ohùn náà. Nítorí náà, bẹ́líìtì rẹ lè mú kí ẹnìkan gbé orin rẹ síbi etí ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, orin náà ló máa dá sọ̀rọ̀.

Cody Johnson, olórin country, ló sún mọ́ ọ jù nínú gbogbo wọn, torí ọmọ Texas ni, akọ màlúù ló sì gùn bí ìwọ. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Huntsville nígbà tó ń kọrin láwọn ilé ijó. Ó dá gbé àwo rẹ̀ jáde léraléra. Gotta Be Me, tó jáde ní 2016, dé ipò kejì lórí àtẹ àwo country Billboard láìsí iléeṣẹ́ ńlá. Nígbà tí iléeṣẹ́ orin ńlá Warner ti Nashville wá bá a ní 2018, iléeṣẹ́ tirẹ̀, CoJo Music, wà nínú ìwé àdéhùn náà gẹ́gẹ́ bí alábàáṣiṣẹ́pọ̀. Sọ iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn fún ìyá rẹ, tó o sọ pé kò sùn mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó ní kí o fi iṣẹ́ owó oṣù sílẹ̀ kí o tó kọrin. Ọjọ́ Friday àti Saturday ni ilé ijó ń kún.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó wàyí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ọmọ èèyàn ní ìyà.

Nínú ìwé tí mo ń kọ fún ẹgbẹ́ wa, owó ẹnu ọ̀nà ilé ijó kì í ju owó epo àti owó àwọn tó ń lu ìlù lọ. Ohun tó ń gbé wa dé ilé ni tábìlì tí mo ń tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn: síídì, ṣẹ́ẹ̀tì, fìlà. Àwọn tó sì ń rà jù ni àwọn tó mọ ọ̀gá mi láti ìgbà tó ń gun ẹṣin. Wọ́n á dúró, wọ́n á bi í léèrè ẹṣin kan tó gbé e ṣánlẹ̀ ní ìlú wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ra méjì, ọ̀kan fún ara wọn, ọ̀kan fún ọmọ wọn. Mo rántí òde jùjú tí àwọn èèyàn fi ń náwó lé wa lórí. Ẹni tó ń náwó yẹn kì í ṣe nítorí orin nìkan. Nítorí pé o mọ̀ ọ́n, o dárúkọ rẹ̀, o mọ ìlú bàbá rẹ̀ ni. Texas náà nìyẹn, àyàfi pé tábìlì ni wọ́n ń náwó lé. Àwọn èèyàn tí o bá pàdé ní Cuero, ní Mesquite, ní Huntsville nígbà tí o ń gun màlúù, àwọn ni oníbàárà rẹ. Bí o bá kó lọ sí Nashville, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́, o ti fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn, o wá lọ dúró nínú ìlà gígùn pẹ̀lú àwọn tó ń kọrin fún owó tí èèyàn bá jù sínú ìgò.

Master orin rẹ, ìyẹn ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò, má fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kí n tó darapọ̀ mọ́ ọ̀gá mi, ó ti bá iléeṣẹ́ kékeré kan tọwọ́ bọ̀wé nítorí pé wọ́n san owó sítúdíò fún un. Orin mẹ́wàá tó dára jù lọ nínú ayé rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Iléeṣẹ́ náà kú, ẹni tó ra ẹrù rẹ̀ kò gbé orin náà jáde, kò sì gbà kí ọ̀gá mi gbé e jáde. Àwọn èèyàn ń béèrè wọn lọ́dọ̀ mi níbi tábìlì lálaalẹ́, mi ò ní èyí tí mo lè fún wọn. Ó dùn mí títí di òní. Bí o kò bá ní owó sítúdíò, gba orin mẹ́rin sílẹ̀ dípò mẹ́wàá, kí mẹ́rin náà jẹ́ tìẹ.

Èkejì: ní Amẹ́ríkà, bí rédíò bá gbé orin rẹ sáfẹ́fẹ́, ẹni tó ṣẹ̀dá orin náà àti iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ ìṣẹ̀dá rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún. Ẹni tó fi ohùn kọ ọ́ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rédíò. Nítorí náà, àwọn orin tí ìwọ fúnra rẹ ṣẹ̀dá ni dúkìá rẹ. Forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ BMI tàbí ASCAP, àwọn ẹgbẹ́ tó ń bá ẹni tó ṣẹ̀dá orin gba owó yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ wọn. Tí orin rẹ bá jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SoundExchange pẹ̀lú, torí rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ti sátẹ́láìtì ń sanwó fún olóhùn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà á sí. The MLC ni fún owó ẹni tó ṣẹ̀dá orin lórí Spotify àti irú wọn. Mo ti rí ọkùnrin tí orin rẹ̀ ń dún káàkiri ìpínlẹ̀ yìí tí kò gba owó rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, torí pé kò forúkọ sílẹ̀.

Nípa orin fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré: wọ́n ń jó ní Texas. Gruene Hall, ilé ijó kan níbí, wà láti 1878, àwọn tó ń lọ síbẹ̀ kò lọ jókòó. Ijó two-step ni wọ́n fẹ́, àti waltz, tọkọtaya á máa yí ilẹ̀ ká. Bí o bá kó orin ìbànújẹ́ mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, wàá rí i tí ilẹ̀ ijó á ṣófo, olùtajà ọtí á sì máa wo aago. Jùjú ló kọ́ mi ní èyí kí n tó dé ibí: ojú ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ni a ń wò nígbà tí a bá ń ta gìtá. Wá onílù tó mọ two-step, kí o sì fi àwọn orin tìrẹ sí àárín àwọn èyí tí wọ́n ti mọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti jó mẹ́rin, wọ́n á gbà ọ́ láyè láti kọ èyí tó ń ṣe ọ́ lọ́kàn.

O béèrè pẹ̀lú, ní gbólóhùn kan tí mo rí i pé ó wúwo lọ́kàn rẹ, bóyá wọ́n máa gba ọmọ adúláwọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Àwọn ilé ijó kan wà tí mo wọ̀ tí gbogbo ojú yí sí mi, títí a fi ta orin kejì. Onílé ijó kan wà tó fi owó ọ̀gá mi lé mi lọ́wọ́ láì wo ojú mi. Ṣùgbọ́n ilé yìí kì í ṣe ti àwọn yẹn nìkan. Bill Pickett, adúláwọ̀ ọmọ Texas tí wọ́n bí ní 1870, ló dá ìdíje fífi ọwọ́ gbé màlúù ṣánlẹ̀ sílẹ̀. Rodeo tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti ń lọ láti 1984, o sì lè ti gùn níbẹ̀. DeFord Bailey, adúláwọ̀ náà, ti ń fun hàmóníkà ní Grand Ole Opry, ètò rédíò orin country ní Nashville, láti àwọn ọdún 1920. Nígbà tí iléeṣẹ́ RCA gbé orin Charley Pride, adúláwọ̀ olórin country, jáde ní 1966, wọn kò fi fọ́tò rẹ̀ síta, síbẹ̀ ó di ọ̀kan nínú àwọn tó ta jù lọ ní iléeṣẹ́ náà. Ní 2024, Shaboozey, ọmọ tí òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, dúró lórí ipò kìíní Hot 100, àtẹ orin tó ń léwájú ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀sẹ̀ 19. Àwọn trail ride adúláwọ̀ ní Texas àti Louisiana náà wà, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń gun ẹṣin lọ́sàn-án tí wọ́n sì ń jó lálẹ́. Wọ́n ń gbọ́ zydeco, orin ijó àwọn adúláwọ̀ Louisiana, wọ́n ń gbọ́ southern soul, àyè sì wà níbẹ̀ fún country. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, ibẹ̀ ni màá ti kọ́kọ́ tẹ́ tábìlì mi. Má pa orúkọ rẹ dà. Kọ ọ́ tóbi sára ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá kọ́ bí a ṣe ń pè é kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ara rẹ wá kù, èyí sì ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn jù. Gìtá ń wúwo lórí èjìká tó ti yẹ̀ rí, lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta wàá mọ̀. Ra okùn gìtá tó fẹ̀, tàbí gbé e kọ́ èjìká kejì, tàbí kí o jókòó kọrin. Egungun ìhà tó ṣẹ́ tí kò jinná dáadáa máa ń dí èémí lọ́wọ́, àti pé èémí ni ohùn. Lọ rí ẹni tó ń tọ́jú iṣan kí o tó lọ rí olùkọ́ orin. Oògùn ìrora tí wọ́n fún ọ nígbà tí èjìká yẹ̀, má jẹ́ kó bá ọ wọ ọkọ̀ ẹgbẹ́. Ọ̀nà gígùn, ọtí ọ̀fẹ́ àti oògùn yẹn ló gba ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta fiddle, ìyẹn gòjé àwọn òyìnbó, lọ́wọ́ wa. Ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì ni.

Gba ìwé ìbánigbófò ìlera (health insurance), ohunkóhun tó bá ná ọ. LeDoux ń fi ẹ̀rọ tó ń ta bí akọ màlúù àti iná títàn ṣeré lórí ìtàgé ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti jókòó, síbẹ̀ àìsàn ẹ̀dọ̀ mú un. Garth Brooks fẹ́ gé lára ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ fún un, kò bá ara wọn mu. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún un ní 2000, ó padà sórí ìtàgé, ó tún gbé àwo jáde, àrùn jẹjẹrẹ sì pa á ní oṣù kẹta 2005, ní ẹni ọdún 56. Kò sí nínú wa tó lè mọ ohun tó wà níwájú. Bí èjìká yẹn ti jẹ́ látinú rodeo, béèrè lọ́wọ́ Justin Cowboy Crisis Fund, owó ìrànwọ́ fún àwọn tó fara pa ní rodeo, bóyá ọ̀rọ̀ rẹ bá ìlànà wọn mu. Nígbà tí o bá sì ti di olórin tó ń ṣiṣẹ́, MusiCares, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn olórin lọ́wọ́, wà fún ìgbà ìṣòro.

Nashville kò ní sá lọ. Máa lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń ṣẹ̀dá orin, kọ́ iṣẹ́ lára wọn, kí o sì padà wá ta síídì ní Texas.

Ní báyìí, ṣe ohun kan fún mi. Kọ orúkọ gbogbo ìlú tí o ti gun màlúù, èyí tí o ti jáwé olúborí àti èyí tí o ti já bọ́, kí o sì fi sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ ilé ijó tó wà nítòsí ọ̀pọ̀ wọn, mo mọ èyí tó ń sanwó lálẹ́ ọjọ́ náà àti èyí tó ń sọ pé kí o padà wá lọ́la. A ó jọ mú mẹ́fà tí o máa kọ́kọ́ lọ.